Orí Keje: Iná Bátìrì àti Ìdárayá fún Àgbọ̀n Tó Ń Dunni

Aránṣọ kan ti jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọ̀la ni ìnáwó, aṣọ ẹbí mẹ́rìnlá ṣì wà nílẹ̀. Ó há abẹ́rẹ́ olórí mẹ́ta sáàárín eyín, eyín náà ló fi ń já òwú bó bá ti rán ìlà kan tán. Ó fi èjìká ti fóònù mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, oníbàárà sì ń jágbe nínú rẹ̀. Nígbà tó dalẹ́, tó la ẹnu láti gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì, àgbọ̀n rẹ̀ dún “tàá” níwájú etí, ìrora sì gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀bátí. Ó rò pé eyín ni. Ó ra oògùn eyín ní kẹ́míìsì, ó lò ó títí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, eyín rẹ̀ kò ní ihò kankan, àmọ́ kò lè la ẹnu gé búrẹ́dì mọ́.

Irú ẹni báyìí la kọ orí yìí fún. A fẹ́ fi hàn yín bí ẹ ṣe lè lo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní TENS, tó ń fi iná bátìrì rọra ta awọ ara, pẹ̀lú ìdárayá tí àwọn oníṣègùn físíò máa ń kọ́ni fún àgbọ̀n. Ẹ jẹ́ ká ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ìtura tí ẹ̀rọ náà ń fúnni, ọjà àwìn ni. Ẹni tó gba ọjà àwìn tó sì gbé e lọ tà, yóò jèrè. Ẹni tó jókòó tì í tó jẹ ẹ́ tán, gbèsè ló kù fún un. Ìdárayá ni ọjà títà yẹn.

Ohun tó wà níwájú etí

Ẹ fi ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò kan iwájú ihò etí yín lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ la ẹnu, kí ẹ sì pa á dé. Ohun tó ń rìn lábẹ́ ìka yín ni orí egungun àgbọ̀n. Oríkèé yìí ní ìrìn méjì. Bí ẹnu bá kọ́kọ́ là, egungun á yí lójú kan bí ìdè ilẹ̀kùn. Bó bá ń là sí i, á yọ̀ síwájú bí dúrọ́à tábìlì. Ìrọ̀rí kékeré kan wà láàárín egungun méjèèjì tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa họ ara wọn. Bí ìrọ̀rí náà bá yẹ̀ díẹ̀ nípò rẹ̀ tó sì tún padà, ìgbà yẹn là ń gbọ́ “tàá”. Bó bá ń dún tí kò dùn yín, tí ẹnu sì ń là dáadáa, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé irú àgbọ̀n bẹ́ẹ̀ kiri títí ayé wọn láìsí wàhálà.

Ẹran mẹ́rin ló ń gbé àgbọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fọwọ́ kan méjì: èyí tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó máa ń le gbagidi bí ẹ bá fún eyín pọ̀, àti èyí tó tẹ́ sí ẹ̀bátí. Méjì tó kù wà nínú lọ́hùn-ún. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ẹran yìí ló ti rẹ̀ tó ń ké, tí oríkèé fúnra rẹ̀ kò sì ní àléébù tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí fi máa ń fọ́ ẹni tí àgbọ̀n ń dùn, tí etí rẹ̀ á sì máa ro bí ẹni pé nǹkan há síbẹ̀.

Iṣan ìmọ̀lára kan náà ló ń gbé ìròyìn eyín, ojú àti àgbọ̀n lọ sí ọpọlọ. Òun ni ìkarùn-ún nínú iṣan méjìlá tó ti inú agbárí jáde ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gba ojú ọ̀nà kan, kì í ṣòro fún ọpọlọ láti ṣi eyín mú fún ẹ̀ṣẹ̀ àgbọ̀n. Ohun tó ṣe aránṣọ wa nìyẹn, tó fi ná owó rẹ̀ sórí oògùn eyín.

Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé àìsàn yìí lọ bá dókítà, pàápàá àwọn tó wà láàárín ẹni ogún ọdún sí ogójì. Ó lè ti ara ìpayínkeke lójú oorun wá, tàbí ìdààmú ọkàn tó ń mú kí ènìyàn fún eyín pọ̀ tọ̀sán-tòru láìmọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbá ẹni náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́, tàbí ó ṣubú lórí ọ̀kadà, tàbí àrùn oríkèé ló wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí iná ṣe ń pẹ̀tù sí ìrora

Àwọn apẹja wa mọ ẹja òjìjí. Ẹni tó bá ṣèèṣì dì í mú nínú àwọ̀n, apá rẹ̀ á kú fún ìgbà díẹ̀. Irú ẹja oníná bẹ́ẹ̀ wà nínú òkun àwọn ará Róòmù pẹ̀lú, oníṣègùn wọn kan tó ń jẹ́ Scribonius Largus sì kọ ọ́ sílẹ̀, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, pé kí ẹni tí orí ń fọ́ gbé e lé ibi tó ń dùn ún títí ibẹ̀ á fi kú.

Ní 1965 ni Ronald Melzack àti Patrick Wall tó ṣe àlàyé tó mú ọgbọ́n àtijọ́ yìí yé ènìyàn, nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ní ẹnubodè kan wà lójú ọ̀nà tí ìrora ń gbà lọ sí ọpọlọ. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ gbá orúnkún mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì: kí ẹ tó mọ̀, ọwọ́ yín ti débẹ̀, ẹ ti ń fi pa á. Ìfọwọ́pa ń gba iṣan tó sanra, tó yára. Ìrora ń gba èyí tó tín-ín-rín, tó ń falẹ̀. Bí ìròyìn ìfọwọ́pa bá ti kún ẹnubodè, díẹ̀ ni ìrora á rí kọjá. Ní 1967, Wall àti William Sweet fi ara wọn dán an wò. Wọ́n ta iná sí iṣan abẹ́ ojú ara wọn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n sì fi gún ojú ibẹ̀ kò dùn wọ́n tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rọ TENS kò ní abẹ́rẹ́. Páàdì tó ń lẹ̀ mọ́ ara ló ń gbé iná rẹ̀ wọlé láti orí awọ. Ìfọwọ́pa tí ọwọ́ kì í ro ni.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ní ìparí ọdún 2023, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé ìmọ̀ràn kan jáde lórí ìrora àgbọ̀n tó ti pẹ́ lára. Ohun tí àwọn tó kọ ọ́ fi síwájú ni ìdárayá àgbọ̀n lábẹ́ àmójútó, ìnà àti ìfọwọ́tọ́ láti ọwọ́ oníṣègùn físíò, títún ìjókòó àti ìdúró ṣe, àti ìmọ̀ràn tó ń kọ́ ọkàn bí yóò ṣe bá ìrora gbé. TENS kò sí nínú àwọn tí wọ́n fi síwájú. Wọ́n sì kọ̀ gidigidi sí gígé ìrọ̀rí inú oríkèé kúrò, àti àwọn ohun àfisẹ́yín tó ń yí bí eyín ṣe tò padà láìní àtúnṣe. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí wá nìdí tí a fi kọ orí kan lé ẹ̀rọ yìí lórí? Nítorí ẹni tí ìrora kò jẹ́ kó la ẹnu kò lè ṣe ìdárayá ẹnu. Bí iná bátìrì bá lè pẹ̀tù sí ìrora fún ìdajì wákàtí, ìdajì wákàtí yẹn tó fi ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò ṣe yín ní ìrànlọ́wọ́ kankan, ẹ gbé e jù síbì kan kí ẹ máa bá ìdárayá lọ. Ẹ kò pàdánù ohun tó ń woni sàn.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án

Kí ẹni tó bá wà nínú àwọn wọ̀nyí má lo TENS sójú tàbí sọ́rùn àfi bí dókítà bá fọwọ́ sí i:

– ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí láyà láti máa darí bí ọkàn ṣe ń lù;
– ẹni tó ní wárápá;
– aboyún;
– ẹni tó ní jẹjẹrẹ ní orí tàbí ọrùn;
– ẹni tí ojú rẹ̀ kú ní ẹ̀gbẹ́ kan tí kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù;
– ẹni tí egbò, eéwo tàbí ara yíyún wà níbi tí páàdì máa lẹ̀ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má gbé páàdì lé ẹyinjú, inú ẹnu, tàbí iwájú ọrùn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ọpọlọ gbà, iná tó bá ta síbẹ̀ lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ lójijì kí òòyì sì gbé ènìyàn ṣubú. Ẹ má lò ó nígbà tí ẹ bá ń wa mọ́tò, tàbí nígbà tí ẹ bá ń sùn. Bó bá ṣe èyí tí wọ́n ń fi ṣájà ṣájì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ilé kí ẹ tó so páàdì mọ́ ara.

Ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ rí

Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ná, kó lè wò ó bóyá eyín tó jẹrà tàbí ọgbẹ́ èrìgì ló fara pamọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rí oníṣègùn físíò. Ọsibítù ìkọ́ni bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka eyín àti ẹ̀ka físíò lábẹ́ òrùlé kan. Bó bá jẹ́ ilé ìtọ́jú aládàáni lẹ fẹ́ lọ, ẹ béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín ní ìwé àṣẹ Medical Rehabilitation Therapists Board. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé páàdì sí yín lójú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ojú ibẹ̀ nínú dígí, kí ẹ tó dá a ṣe nílé.

Ẹ wọn ẹnu yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ to ìka mẹ́ta lé ara wọn, èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, ti àárín àti èyí tó tẹ̀lé ti àárín, kí ẹ rọra fi wọ́n ní òòró sáàárín eyín iwájú ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Àgbọ̀n tó dá máa ń gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn bíi 40 mílímítà. Ẹ kọ iye ìka tó wọlé sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ìwọ̀n yìí la máa fi mọ̀ bóyá ọjà ń tà.

Bí a ṣe ń so ẹ̀rọ mọ́ ara

1. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Ìpara àti àdí kì í jẹ́ kí páàdì lẹ̀. Ẹ bọ́ yẹtí. Kí ọkùnrin fá irùngbọ̀n ibẹ̀.

2. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ wà ní pípa. Ẹ lo páàdì kékeré roboto. Èyí tó fẹ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹ̀yìn kò bá ojú mu.

3. Ẹ lẹ páàdì kìíní mọ́ iwájú etí, lórí oríkèé gan-an. Ẹ lẹ ìkejì mọ́ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń le bí ẹ bá fún eyín pọ̀, sókè igun àgbọ̀n. Kí wọ́n má kan ara wọn.

4. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ń dùn, ẹ lo wáyà kìíní fún ọ̀tún, ìkejì fún òsì. Ẹ má ṣe fi páàdì wáyà kan sí ọ̀tún kí ẹ fi ìkejì rẹ̀ sí òsì, torí iná á fẹ́ gba inú orí kọjá.

5. Ẹ fi nọ́ńbà tó ní Hz níwájú sí 80 sí 100. Bí ẹ̀rọ bá ní èyí tó ní µs níwájú, 100 tó láti bẹ̀rẹ̀.

6. Ẹ tan án láti odo. Ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ibẹ̀ á fi máa ta wìnnìwìnnì, tó lágbára àmọ́ tí kò dùn. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń fò tàbí tí eyín ń gbá ara wọn, ó ti pọ̀ jù. Bí ẹ kò bá sì gbọ́ ọ rárá, kò tíì ṣe nǹkan kan.

7. Ẹ fi sílẹ̀ fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ pa á kí ẹ tó yọ páàdì. Ẹ wo awọ ibẹ̀: pípọ́n díẹ̀ tó lọ láàárín wákàtí kan kò léwu, àmọ́ bó bá lé ròrò, ẹ dáwọ́ dúró.

Bí ara bá ń rí ìwọ̀n iná kan náà lójoojúmọ́, á mọ́ ọn lára, á sì ṣíwọ́ gbígbọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa yí i padà. Bó bá jẹ́ 100 Hz lánàá, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 80 lónìí, tàbí kí ẹ lo ètò tó ń yí ara rẹ̀ padà bí ẹ̀rọ yín bá ní in. Ẹ sì máa fi ọjọ́ kan tàbí méjì sinmi láàárín ọ̀sẹ̀.

Ìdárayá márùn-ún

Ẹ má dúró kí ẹ̀rọ parí. Ìgbà tí iná ṣì ń ta ni ìtura rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ṣe ìdárayá. Ẹ ṣọ́ra síbẹ̀: ìrora tó dákẹ́ kò ní lè kìlọ̀ fún yín bó ṣe yẹ. Ẹ wò ó nínú dígí, kí ẹ má la ẹnu ju ibi tí dígí ti fi hàn pé àgbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

*Ìsinmi.* Ẹ sọ pé “náà”. Ibi tí orí ahọ́n ti kan òkè ẹnu lẹ́yìn eyín iwájú, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ètè pàdé, eyín pínyà, ahọ́n wà nílé. Bó ṣe yẹ kí ẹnu wà látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, àfi bí a bá ń jẹun tàbí sọ̀rọ̀.

*Ìlanu pẹ̀lú ahọ́n.* Ẹ jẹ́ kí ahọ́n wà nílé, kí ẹ la ẹnu títí dé ibi tí ahọ́n fẹ́ já bọ́, kí ẹ sì pa á dé. Àgbọ̀n á yí, kò ní yọ̀ síwájú.

*Ìdènà.* Ẹ la ẹnu díẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì ti àgbọ̀n lọ sí ọ̀tún, kí àgbọ̀n má gbà. Ẹ kà dé márùn-ún. Ẹ ṣe é sí òsì, ẹ tì í sókè, ẹ tì í sísàlẹ̀. Kí agbára ìka má ju èyí tí ẹ fi ń tẹ bọ́tìnnì fóònù lọ.

*Ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́.* Ẹ fi igi pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí dókítà fi ń tẹ ahọ́n, sáàárín eyín iwájú láìgé e jẹ. Ẹ rọra sún àgbọ̀n sí ọ̀tún, kó padà sáàárín, kó lọ sí òsì.

*Ọrùn.* Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn gún. Ẹ fa orí sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ tó ń rùn sún mọ́. Ẹ kà dé márùn-ún. Orí tó ń yọ síwájú sórí fóònù tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ ń fa àgbọ̀n sẹ́yìn kúrò nípò rẹ̀.

Mariano Rocabado, oníṣègùn físíò ará Chile, ló mú ìlànà “mẹ́fà-mẹ́fà” gbilẹ̀ káàkiri ayé: ìdárayá mẹ́fà, kí a ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹfà, nígbà mẹ́fà lójúmọ́. A ti mú un wá sí márùn-ún níbí, àmọ́ ẹ di kíkà rẹ̀ mú. Ìdárayá kékeré tó ń dé léraléra ni oríkèé yìí ń fẹ́. Ẹni tó bá fi gbogbo rẹ̀ ṣe ìdajì wákàtí lálẹ́ Sátidé, ọjọ́ Àìkú ló máa fi káwọ́ lẹ́rán.

Káwọ́ lẹ́rán gan-an ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ọwọ́ tí a fi gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ti oríkèé wọlé bí a bá pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ká a kúrò.

Oúnjẹ àti ìwà ẹnu

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, àmàlà, ẹ̀wà tó jinná dáadáa àti ẹja ni ọ̀rẹ́ yín. Kí òkèlè kéré. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ẹran wẹ́wẹ́. Ẹ jìnnà sí ìrèké, obì, àgbàdo sísun, ṣíngọ́ọ̀mù àti pọ̀nmọ́ tó le. Ẹ má fi eyín fọ́ egungun, ẹ má fi ṣí ìgò, ẹ má fi já ọ̀rá omi. Bí ẹ bá ń run orín, ẹ run ún rọ̀, ẹ fi fọ eyín, kí ẹ tú u dànù. Ẹni tó ń run ún láti ilé dé ibi iṣẹ́ ń fi àgbọ̀n ṣe iṣẹ́ àṣerégèé. Bí yíyán bá dé, ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ ti abẹ́ àgbọ̀n kó má bàa là jù. Táwẹ́lì tí a rì sínú omi gbígbóná tí a fún, tí a fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 kí a tó so ẹ̀rọ, ń mú kí ẹran rọ̀.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ilé sílẹ̀ sáré

Bí ìrora àgbọ̀n bá bá àyà fífún, òógùn tútù tàbí èémí kúkúrú rìn, ọkàn ló lè jẹ́. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí àgbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í le lẹ́yìn tí ìṣó gún yín tàbí tí ẹ ní egbò, ẹ ronú kan tẹ́tánọ́ọ̀sì, ẹ má dúró dọ̀la. Bí ẹnu bá là tí kò padé mọ́, bí ojú bá wú tí ibà sì dé, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, tí ẹ̀bátí rẹ̀ ń dùn bí a bá fọwọ́ kàn án, tí àgbọ̀n ń rẹ̀ ẹ́ bó bá ń jẹun, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kó tètè rí dókítà lọ́jọ́ náà, torí ojú lè fọ́ síbẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọ̀nyí tí páàdì ń wò.

Aránṣọ wa

Ìka méjì ni ẹnu rẹ̀ gbà lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó so ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láàárọ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń ṣe ìdárayá rẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ pààrọ̀ òwú. Ó rán tìmùtìmù kékeré kan tó so mọ́ ọrùn ọwọ́, ibẹ̀ ló ń gún abẹ́rẹ́ olórí mọ́. Ó fi okùn so síṣọ́ọ̀sì kékeré kọ́rùn fún òwú jíjá. Fóònù wà lórí tábìlì, ó ti ṣí ohùn rẹ̀ síta, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù jọ máa gbọ́ ariwo oníbàárà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìka mẹ́ta wọlé. Ẹ̀rọ náà ti wà nínú dúrọ́à fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà yẹn. Tìmùtìmù ṣì wà lọ́rùn ọwọ́.